Ìyá Tí Rọ̀kíbátù Fi Fóònù Bí

Ọjọ́ tí Rọ̀kíbátù bí ìyá, iná wà ní Ìgbògbò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìyẹn nìkan sì ti tó ohun tí à ń pe aládùúgbò wá wò. Ó gbé àga oníke síwájú ilé, ó fa wáyà fóònù gba ojú fèrèsé jáde, ó dorí kodò, ó ń tẹ fóònù bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ó ti bí i: obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún, gèlè funfun lórí, ilà lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ̀rín lẹ́nu, ẹja gbígbẹ lọ́wọ́. Kò rọbí, kò sunkún. Dátà nìkan ló tán.

"Bàbá Hanifah! Ẹ jáde wá o! Ẹ wá wo ìyá mi!"

Yasir, ọkọ rẹ̀, ni Rọ̀kíbátù ń pè bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kan ṣoṣo tí Yasir máa ń rí oorun sùn, nítorí pé ní àwọn ọjọ́ iṣẹ́, kí àkùkọ tó kọ tán ló ti ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodo kó lè tètè dé Áílándì. Ó jáde, ó ń nu ojú. Ó gba fóònù, ó wò ó títí.

"Ìyá rẹ kọ́ nìyí."

"Kí lẹ rí?"

"Ìyá rẹ ò rẹ́rìn-ín sí mi rí."

Ó dá fóònù padà, ó padà lọ sùn.

Ẹni tó bá mọ Rọ̀kíbátù kò ní yà á lẹ́nu. Kò sí nǹkan tuntun kan tó wọ̀lú tí kì í kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti fi fídíò orí fóònù kọ́ gèlè wíwé; ìyàwó àkọ́kọ́ tó wé gèlè fún, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi gbé e wọ mọ́tò, nítorí gèlè náà gbòòrò ju ilẹ̀kùn lọ. Ó ti fi fídíò kọ́ kéèkì. Kéèkì náà wuni o, ṣùgbọ́n ẹni tó gé e làágùn. Nígbà tó yá ló padà sídìí ohun tí kò fi fídíò kọ́ rárá, ohun tí wọ́n bí i sínú rẹ̀: ẹja.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀rífátù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Alẹ́ja, ti ń yan ẹja létí ọ̀sà láti ogójì ọdún. Ní gbogbo Ọjọ́rú, ìyá yóò di ẹja sínú agbọ̀n, yóò gbé e sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìkòròdú. Rọ̀kíbátù yóò lọ gbà á ní gáràjì, yóò dì í sínú ọ̀rá, yóò sì tà á fún àwọn obìnrin oníṣẹ́ oṣù tó ń gbé ní ẹ́síteètì kan lẹ́bàá Lasunwon. Àrọ̀ tí Ìyá Alẹ́ja bá ká, tó fi igi ìgbálẹ̀ gún ìrù rẹ̀ mọ́ orí, tó sì yan, bí o bá fi kan tábìlì, kó! kó! ni yóò máa dún. Kò sí iyanrìn nínú rẹ̀, kò sí kòkòrò tó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹja kò ní àléébù. Instagram ló ní in. Ojú ìwé Rọ̀kíbátù dà bí okùn tí ìdílé mẹ́rin jọ ń sá aṣọ sí. Ìyáàfin Fábíyìí, alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹ́síteètì náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde, ló sọ ọ́ fún un ní gbangba.

"Ìyá Hanifah, mo fẹ́ràn ẹja yín o. Ṣùgbọ́n ẹ kì í jọ ara yín lórí fóònù mi. Lónìí ẹ pupa, lọ́la ẹ di aláwọ̀ búlúù, lọ́tùnla ẹ fi jẹnẹrétọ̀ jókòó síwájú ẹja. Àwọn obìnrin wa fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo tí yóò kó ẹja ààwẹ̀ fún wa. Wọ́n fẹ́ ojú kan tí wọ́n á máa dá mọ̀."

Ojú kan. Ojú wo ló wá yẹ kó wà lára ẹja bí kò ṣe ti Ìyá Alẹ́ja fúnra rẹ̀? Ṣùgbọ́n Ìyá Alẹ́ja kò jẹ́ ya fọ́tò. Ó ní ìdí. Níbi àdúrà ọdún kan ikú Kàmọ́rù, ọkọ rẹ̀, ayàwòrán kan yọ sí i lójijì ní kété tó fi ìdajì mọ́ínmọ́ín sẹ́nu. Àwọn ẹbí kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kàlẹ́ńdà. Oṣù méjìlá gbáko ni Ìyá Alẹ́ja fi wà lára ògiri gbogbo ilé àdúgbò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn, ojú rẹ̀ yọ, lábẹ́ àkọlé gàdàgbà tó ní: OPÓ OLÓÒGBÉ NÍNÚ Ọ̀FỌ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù sókè nítòsí ààrò rẹ̀, igi iná ló ń kọ́kọ́ fà yọ.

Ìyẹn ni Rọ̀kíbátù ń rò lọ́wọ́ nígbà tó já lu fídíò kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin inú rẹ̀ ní AI ti dé, ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ohun tí o bá kọ sí i ni yóò yà fún ọ. Ó ní kí olọ́jà mú ojú kan, àwọ̀ méjì, irú lẹ́tà kan, kó máa lò wọ́n nínú gbogbo àwòrán láìyẹ̀, títí ojú àwọn oníbàárà yóò fi mọ ọjà rẹ̀ kí ẹnu wọn tó ka orúkọ rẹ̀. Rọ̀kíbátù fò dìde. Ó fò dìde ní tòótọ́, Hanifah ọmọ rẹ̀ rò pé aláǹgbá ni.

Kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ṣeé lò, nítorí náà ó mú fọ́tò ti ara rẹ̀, ó fi sínú ẹ̀rọ, ó ní kó sọ òun di ẹni àádọ́rin ọdún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bí i. Ó fún un ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ epo pupa, ó kọ orúkọ sí i lábẹ́: ẸJA ÌYÁ Ẹ̀PẸ́.

Ohun méjì ni kò rò. Èkíní, Rọ̀kíbátù kò jọ ìyá rẹ̀ rárá. Bàbá rẹ̀ ló jọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé bí wọ́n bá dé e ní fìlà, Kàmọ́rù ni. Èkejì, ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ àwòrán tuntun, ńṣe ló ń fi fọ́tò ara rẹ̀ sí i padà, tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìyá arúgbó, gèlè funfun, ilà ojú. Ó kọ "ilà ojú," ó fi mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan, kò mọ ilé ẹni tó ń kọ ilà wo. Ojú ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ yí, ṣùgbọ́n ilà rẹ̀ ń ṣí kiri bí alágbàtà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pélé. Ọ̀sẹ̀ kejì, àbàjà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tó sì nà lọ sí etí, gẹ́lẹ́ bí irun imú ológbò. Rọ̀kíbátù ò rí nǹkan kan. Ọmọ ayé ìsinsìnyí ni. Lójú tirẹ̀, ilà ni ilà.

Ẹ̀yin èèyàn, ọjà mú iná! Àwọn obìnrin ẹ́síteètì gba ìyá náà bí ẹni pé òun ló gbẹ̀bí wọn. "Màámà, ẹ kú iṣẹ́ o." "Màámà, ẹ̀rín yín dùn." "Ẹ bá wa fi ẹnu ko Màámà lẹ́rẹ̀kẹ́." Ìyáàfin Fábíyìí fúnra rẹ̀ pè: wọ́n ti mú Rọ̀kíbátù, ogójì ọ̀rá ẹja, ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Nígbà tí Rọ̀kíbátù lọ kí i pé ó ṣeun, obìnrin náà tún fi nǹkan lé e lọ́wọ́: agolo ìpara kékeré kan, èyí tí wọ́n fi ń wọ́ oríkèé, tó ń ta bí ata.

"Kí la fẹ́ fi èyí ṣe, Mà?"

"Fún Màámà. Mo rí wọn nínú fọ́tò àná, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ di orúnkún mú. Ìyá àgbà bẹ́ẹ̀, nídìí iná! Ẹ ní kí wọ́n máa fi pa á ní àárọ̀."

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ogójì ọ̀rá, ó le fún un láti sọ pé orúnkún náà kò sí. Rọ̀kíbátù gba ìpara, ó dúpẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dojúbolẹ̀. Nígbà tí agbọ̀n òfìfo ń padà sí Ẹ̀pẹ́, ó jù ú sínú rẹ̀. Ó kúkú jẹ́ pé ìyá ni wọ́n ní kó fún. Ìyá náà ló fún.

Àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, fóònù dún.

"Rọ̀kíbátù."

Ìyá rẹ̀ ni. Rọ̀kí ni Màámi ń pè é nígbà tí nǹkan bá dáa.

"Ẹ káàárọ̀ Mà."

"Ta ló sọ fún ọ pé orúnkún ń dùn mí?"

"Màámi, oníbàárà kan ló fún yín, ó ní..."

"Èmi kọ́ ló fún. Mo ti gbọ́. Àbúrò bàbá rẹ wà níbí, ó ti fi ìyá rẹ tuntun hàn mí lórí fóònù."

"Ìyá wo, Màámi?"

"Èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹ̀pẹ́. Ẹja Ọjọ́rú, ní kí ó fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó kúkú ní ẹja lọ́wọ́."

Ó gé e. Rọ̀kíbátù pè padà nígbà mẹ́fà. Nígbà keje, ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ sọ fún un pé wọ́n ti pa fóònù náà.

Ó jókòó sórí àga oníke yẹn. Kò sí ẹja Ọjọ́rú, kò sí ogójì ọ̀rá ọjọ́ Jímọ̀. Kò sí ogójì ọ̀rá, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ ní ẹ́síteètì náà títí ayé. Ó ro ti pé kó ra ẹja ẹlòmíràn kún un. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Fábíyìí tí ń fi ẹja kan tábìlì kó tó san owó! Yasir yọjú lójú fèrèsé.

"Mo sọ fún ọ pé ìyá rẹ kọ́ nìyẹn," ó wí, ó sì padà wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, Rọ̀kíbátù wà nínú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Láti Ìkòròdú dé Ìtóìkin ló ń to ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Láti Ìtóìkin lọ, ó gbàgbé gbogbo rẹ̀. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé tán tí Bísíríyù, àbúrò bàbá rẹ̀, fi dìde fùú lórí bẹ́ǹṣì tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, abẹ́rẹ́ àwọ̀n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tó tó ẹni àádọ́rin ọdún ni, tínínrín, eyín mélòó kan péré ló kù sí i lẹ́nu. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ra fóònù fún un, kò sí ohun tó kọjá ojú rẹ̀.

"Wọ́n dà? Ṣé o mú wọn dání?"

"Ta ni, Bàbá?"

"Àwọn ẹ̀gbọ́n mi!"

Rọ̀kíbátù, tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, gbé ojú sókè.

"Má fi pamọ́ fún mi mọ́," ni Bísíríyù wí, omi ti lé sí i lójú. "Ojú Kàmọ́rù nìyẹn, gèlè nìkan ló fi jù ú lọ. Mo ti ro ó délẹ̀. Bàbá wa, kí Ọlọ́run forí jì í, máa ń tu ọkọ̀ lọ ta ẹja ní Ìpakodo, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. A rò pé afẹ́fẹ́ ni!"

"Ẹ̀gbọ́n wo, Bàbá? Ẹnì kan ni..."

"Mẹ́ta ni wọ́n. Mo kà wọ́n." Ó na ìka. "Onípélé kan, ìyẹn ni wọ́n fún ní ilà ilé wa. Alábàjà kan, ìyá tirẹ̀ á ti wá láti òkè lọ́hùn-ún. Ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n kọ ilà ológbò fún, mi ò tíì mọ ìlú ìyá rẹ̀, mo ṣì ń bèèrè. Mo ti sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí. Lẹ́mọ́mù ti bá wa dúpẹ́."

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn èéfín.

"Ọkọ mi, ẹ bi í bóyá àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń bọ̀ wá yan ẹja, torí mo ti fẹ́ pa iná."

Ìyá Alẹ́ja nìyẹn. Ó jókòó ti ààrò, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, kò wẹ̀yìn wò. Rọ̀kíbátù rá kòrò lórí orúnkún lọ bá a, iyanrìn ń gún un.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló yà á."

"Kò sí i, orúnkún sì ń dùn ún."

"Kò sí i, ó sì jọ Kàmọ́rù," Bísíríyù fi kún un.

"Kò sí i, ó sì gba orúkọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ogójì ọdún! Ṣé ẹ rí ojú mi yìí? Èéfín ló pọ́n ọn. Ojú tirẹ̀ funfun báláú bí ẹyin. Ìgbà wo ló wọ ilé ààrò? Ó wọ aṣọ tuntun, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni Ìyá Ẹ̀pẹ́!"

Rọ̀kíbátù rí i pé ẹnu kò lè ṣe é. Ó yọ fóònù. Ó ya Bísíríyù ní fọ́tò lórí bẹ́ǹṣì, ó kọ ọ́ sí ẹ̀rọ pé kó sọ ọ́ di ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kó wọ aṣọ àlà, kó dúró nínú ọkọ̀ lójú ọ̀sà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ẹ̀pẹ́ kò yá, nítorí náà wọ́n dúró. Bísíríyù ń wo fóònù láti òkè, ó ń wò ó láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí ayàwòrán ọ̀hún sá pamọ́ sí. Àwòrán yọ.

"Súbúhánàllàhi," ó wí jẹ́ẹ́. "Èmi nìyí nígbà tí mo ní eyín."

"Ṣé ẹ rí i, Bàbá? Ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn kò sí níbì kankan."

"Kò sí i mọ́, lóòótọ́." Ó wò ó sí i. "Ọkọ̀ yìí kò ní ẹ́ńjìnnì. Fi ẹ́ńjìnnì sí i fún mi."

Ó fi ẹ́ńjìnnì sí i. Inú Bísíríyù dùn títí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó kù wọ̀ ọ́ lára, ó sì jókòó wọ̀ọ̀.

"Ṣé mi ò ní ẹ̀gbọ́n kankan nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Èmi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ṣì ni àgbà ilé yìí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ó dáa náà." Ó mú àwọ̀n rẹ̀. "Lẹ́mọ́mù nìkan ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́."

Ìyá Alẹ́ja ti yí ojú padà láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti wọ ọkọ̀. Ó ṣan ọwọ́, ó nù ún mọ́ ìró, ó na ọwọ́ sí fóònù láìsọ̀rọ̀. Rọ̀kíbátù ṣí àwòrán àkọ́kọ́, èyí tó ní pélé, ó gbé e fún un. Ìyá wò ó. Èéfín gba àárín wọn kọjá. Ó tún wò ó.

"Ojú bàbá rẹ nìyí," ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Èmi kò mọ̀ pé gèlè á yẹ ẹ́ tó báyìí."

Rọ̀kíbátù rò pé ó ti parí, ó ti ń múra láti dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ bí ọkùnrin. Kò mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

"Èwo ni ọwọ́ òsì? Ta ló ń fi ọwọ́ òsì na ẹja sí ènìyàn?"

"Màámi, màá..."

"Àrọ̀ lo pe eléyìí? Àrọ̀ wo ló ní ìpẹ́? Ọmọ mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́, o fi ìpẹ́ sára àrọ̀, o sì gbé e síta fún gbogbo ayé!"

Bísíríyù na ọrùn. "Áà. Ìyẹn burú o."

"Pélé ni ilé bàbá rẹ ń kọ, ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ìró rẹ̀ mọ́ jù. Ẹja ló ń yan ni àbí ìsọmọlórúkọ ló ń lọ? Fi èérú díẹ̀ sí i. Ojú rẹ̀, kí o pọ́n ọn. Kí ó sì pa ẹnu dé."

"Màámi, ẹ̀rín yẹn ló ń fa oníbàárà o."

"Kí ó pa ẹnu dé. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ."

Kàlẹ́ńdà mọ́ínmọ́ín yẹn ṣì wà ní pálọ̀ Bísíríyù. Ó ní ọjọ́ ni ọjọ́, kì í bàjẹ́. Ojú ilẹ̀ ni Bísíríyù ń wò báyìí.

Rọ̀kíbátù tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àrọ̀ náà bọ́ ìpẹ́, ṣùgbọ́n pélé di mẹ́rin. Ó tún un kọ. Pélé di mẹ́ta, gèlè di búlúù. Ó tún un kọ. Gèlè funfun padà dé, ọwọ́ òsì náà bá a dé. Ìyá wò ó títí sùúrù rẹ̀ fi tán.

"Báwo ni mo ṣe kọ́ ọ ní ẹja kíká? Ṣé ẹnu ni mo fi kọ́ ọ?"

"Rárá, Mà. Ẹ gbé ọ̀kan síwájú mi, ẹ ní kí n ṣe é bí èyí."

"Èwo lo gbé síwájú òun náà?"

Rọ̀kíbátù ya ẹnu sílẹ̀. Lóòótọ́! Láti bí oṣù kan ó ti ń fi ẹnu rojọ́ fún ẹ̀rọ yìí lójoojúmọ́, kò gbé ìyá tó ti bí síwájú rẹ̀ rí. Ó kàn ń tún un bí ni. Ó fi sùúrù tún ọ̀kan ṣe, pélé, ọwọ́ ọ̀tún, èérú, àrọ̀ tó ń dán, ẹnu pípadé, títí ìyá fi mi orí. Lẹ́yìn náà ó gbé àwòrán yẹn gan-an fún ẹ̀rọ náà, ó kọ ọ́ sí i pé: ẹni yìí ni, má yí i padà, jẹ́ kó dúró nídìí ààrò. Àwòrán yọ. Òun ni! Ó ní kó jókòó sínú ọkọ̀. Òun ni! Ó ní kó di agbọ̀n. Òun náà ni, pélé mẹ́ta, gèlè funfun, ẹnu rẹ̀ pa dé gbáà bí ẹni tó ń kọ mọ́ínmọ́ín. Rọ̀kíbátù fò sókè, Bísíríyù fò tẹ̀ lé e láìmọ ìdí.

"Màámi, ṣé ẹ máa wá fi ẹja ránṣẹ́?"

"Ó ku ọ̀kan. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwòrán ni."

Ayọ̀ Rọ̀kíbátù tútù. "Màámi, obìnrin yẹn ra ìpara fún un! Bó bá gbọ́, á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Bí o kò bá kọ ọ́, ẹja kan kò kúrò níbí. Mi ò lè máa bá ẹni tí kò sí du ipò."

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó rò ó, ó kọ ọ́, Ìyá Alẹ́ja ní kó ka ohun tó kọ sókè, ó kà á: "Àwòrán ni ìyá yìí. Ẹja yìí kì í ṣe àwòrán." Ìyá ní ó dára. Rọ̀kíbátù dijú, ó gbé e síta, ó sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Fábíyìí tààrà, kó má bàa gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Àmì pé ó ti kà á yọ. Ó ń kọ nǹkan. Ó dáwọ́ dúró. Ó tún ń kọ. Ó tún dáwọ́ dúró. Bísíríyù bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ́súbáà. Nígbà tó yá, ohùn ni obìnrin náà fi ránṣẹ́.

"Ìyá Hanifah. Ẹ jẹ́ kó yé mi. Fọ́tò ni mo ra ìpara fún?" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde, ẹ̀rín tó gùn, tó ń ṣubú tó ń dìde, tí àwọn obìnrin mìíràn sì ń bá a rín in lẹ́yìn. "Ẹ gbà mí o! Ta ló wá ń yan ẹja tí à ń jẹ?"

Kí Rọ̀kíbátù tó rí ohun tí yóò sọ, Ìyá Alẹ́ja ti fa fóònù mọ́ ẹnu ara rẹ̀.

"Tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀." Rọ̀kíbátù tẹ̀ ẹ́. "Èmi ni o. Ṣẹ̀rífátù. Èmi tí orúnkún kò dùn."

Ìdáhùn kò pẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ má bínú sí wa. A ń retí yín ní Jímọ̀. Ẹ ṣáà bá wa rí i pé ẹja náà kì í ṣe fọ́tò."

Ní Ọjọ́rú, Rọ̀kíbátù gba agbọ̀n ní gáràjì Ìkòròdú. Ó wúwo débi pé ẹni méjì ló gbé e sínú kẹ̀kẹ́ fún un. Nígbà tó ṣí i nílé, ó mú àrọ̀ kan, ó fi kan tábìlì. Kó! kó! Yasir, tó ti ibi iṣẹ́ dé, mú ọ̀kan, òun náà kàn án. Láàárín ẹja, nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́ẹ̀mẹta, Rọ̀kíbátù rí agolo ìpara ọjọ́ sí. Ó gbé fóònù.

"Màámi, mo rí ẹja, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dá ìpara padà."

"Mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni orúnkún. Fún un."

Rọ̀kíbátù ṣí agolo. "Màámi, ó ti ju ìdajì lọ tó ti tán."

Rọ̀kíbátù ń gbọ́ tí iná ń ta pàrà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Mo bá a dán an wò ni," ó wí. "Sọ fún un pé ó ń ṣiṣẹ́."